Ọmọ ń sùn lórí ìwé: bí a ṣe lè dín ẹrù iṣẹ́ àṣetiléwá kù lọ́rùn ọ̀dọ́langba

Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo jí láti mu omi, mo rí i pé iná ṣì ń tàn ní pálọ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ti sùn lọ sórí ìwé Kẹ́místírì rẹ̀. Bírò ṣì wà láàárín ìka rẹ̀, ó sì ti fi í fa ìlà gbọọrọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Aago 12 ku ìṣẹ́jú 20. Kí ni mo ṣe? Mo pariwo. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ní kí o ṣe iṣẹ́ rẹ!" Ó dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ó ku Lítíréṣọ̀ àti Báyọ́lọ́jì." Bó ṣe bú sẹ́kún nìyẹn.

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ti lé ní ọdún 13 nílé ní Ìkòròdú yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ò ya ọ̀lẹ, kò sì ya olódo, síbẹ̀ iṣẹ́ ń ga sí i, oorun ń kéré sí i. Ohun tí mo wá rí ni pé kì í ṣe iṣẹ́ tí tíṣà fún un nìkan ló ń dá a lágara. Ohun tó yí iṣẹ́ náà ká ló pọ̀: ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù, lẹ́sìn (ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn iléèwé), omi pípọn, fóònù, òkùnkùn. Bí a ò bá jókòó ka wákàtí tó wà nílẹ̀, èébú la ó kàn máa bú ọmọ. Ọ̀nà tí mo gbà kà á, àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo kà á tán, rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ náà sórí ìwé kan ṣoṣo

Ọjọ́ Orò ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ̀yin ará ìlú mọ̀ pé àwa obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, èmi àti ọmọ jọ wà nínú ilé. Mo yọ kálẹ́ńdà ọdún tó kọjá kúrò lára ògiri, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo fi rúlà pín in sí òpó mẹ́rin. Òpó kìíní: iṣẹ́ wo ni? Èkejì: kí gan-an ni tíṣà ní kí ẹ ṣe? Ẹ̀kẹta: ọjọ́ wo ló máa gbà á? Ẹ̀kẹrin: ìṣẹ́jú mélòó lo rò pé o máa lò nídìí rẹ̀?

Òpó kejì ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ pa mí. Mo ní kí ni tíṣà Báyọ́lọ́jì sọ. Ó ní, "A máa ṣe nóòtù." Nóòtù wo? Àṣé ojú ewé mẹ́fà tí wọn ò kọ tán ní kíláàsì ni, tó yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé kó lè dà á kọ. Iyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rárá, gbèsè kíláàsì ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: èyí tó jẹ́ dídàkọ, èyí tó jẹ́ ìdánrawò bí ìṣirò, èyí tó gba ìrònú bí àròkọ. Dídàkọ lè dúró di ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, torí ọwọ́ ló ń ṣe é. Àròkọ tí a bá fi sí aago 10 alẹ́, àpá oorun máa wà lára rẹ̀.

Òpó kẹrin ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì jù. Ẹ jẹ́ kó kọ iye ìṣẹ́jú tó rò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ iye tó lò gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó bá parí. Tèmi kọ ìṣẹ́jú 30 fún Kẹ́místírì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 ló lò. Ó kọ wákàtí kan fún Ẹkọnọ́míìsì tó ti ń sá fún láti ọjọ́ mẹ́ta, ìṣẹ́jú 25 péré ló fi ṣe é tán. Ó wo aago, ó wo ìwé, ó ní, "Àbí mo fo ìbéèrè kan ni?" Kò fo ìkankan. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà ló ti ń bà á, kì í ṣe pé iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìfojúdíwọ̀n rẹ̀ ti ń sún mọ́ òótọ́. Ẹ má ṣe fi òpó yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o, pàápàá lójú àbúrò rẹ̀. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀kan, irọ́ ni yóò máa kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka wákàtí tó wà nílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oorun

Ọ̀pọ̀ wa máa ń ka oorun kẹ́yìn. Ẹ yí i padà. Lọ́dún 2016, American Academy of Sleep Medicine, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà, sọ pé wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 13 sí 18 máa sùn lójúmọ́. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ jí ní aago 5 ààbọ̀ kó tó lè bá kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ dé Sábó, aago 9 ààbọ̀ alẹ́ ló yẹ kó ti wà lórí ibùsùn, èyí tó kéré jù nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ara rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó tú èròjà melatonin tó ń pe oorun jáde lálẹ́. Nígbà tó bá sọ pé oorun ò kun òun ní aago 9, kì í ṣe agídí nìkan. Bí a bá dín iná kù tí a sì gba fóònù, oorun máa ń tètè dé.

Mo kọ ọjọ́ Thursday tiwa sílẹ̀ báyìí. Iléèwé ń jáde ní aago 2 ààbọ̀, lẹ́sìn ń parí ní aago 4, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ kò sì jẹ́ kó dé ilé títí di aago 5. Ó ń tọ̀ mí wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ń tì í ní aago 7 ààbọ̀. A dáná, a jẹun, ó di aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 15. Láti ìgbà yẹn dé aago 9 ààbọ̀, ìṣẹ́jú 75 ló kù. Mo wá ṣírò òpó kẹrin kálẹ́ńdà: ìṣẹ́jú 200. Mo gbé bírò sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 200 kò lè wọ inú 75, àní kí èèyàn pariwo títí di òwúrọ̀.

Iṣẹ́ wo ló wá pọ̀ jù? Ọ̀jọ̀gbọ́n Harris Cooper ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí iṣẹ́ àṣetiléwá, fara mọ́ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ìlànà ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi 10 lọ́nà iye ọdún tí ọmọ ti wà níléèwé láti kíláàsì kìíní. JSS1 jẹ́ ọdún keje, ìṣẹ́jú 70 nìyẹn. SS2 jẹ́ ìṣẹ́jú 110, SS3 jẹ́ 120. Àyẹ̀wò ńlá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006 fi hàn pé fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, bó bá ti kọjá nǹkan bíi wákàtí méjì lálẹ́, èrè rẹ̀ kì í pọ̀ sí i mọ́. Amẹ́ríkà kì í ṣe Ìkòròdú, mo mọ̀. Àmọ́ ó fún mi ní ohun tí mo lè fi wọn tiwa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Nǹkan kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún iṣẹ́ náà

Ibí yìí ló dùn mí jù láti kọ, torí ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ ni èmi fúnra mi. Ọmọ kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ láti Monday sí Thursday. Ọjọ́ Friday àti Sátidé ló ń wá. Mo pàdánù ọjà díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, òun ló mọ ibi tí gbogbo bọ́tìnnì wà ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì àtààbọ̀ ló jáde níbẹ̀ lójúmọ́, kò sì síbòmíràn tí mo ti lè rí i.

Ti iṣẹ́ ilé, mi ò sí lára àwọn tó ní kí ọmọ má fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ torí pé ó ń kàwé. Ọmọ tí kò mọ ilé gbá, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú. A kàn yí ọjọ́ padà ni. Aṣọ fífọ̀ àti omi tó máa kún dúrọ́ọ̀mù di ti Sátidé, abọ́ fífọ̀ nìkan ló kù láàárín ọ̀sẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jọ ń pín in. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà fọ abọ́. Mo ti rí ilé tí ọmọkùnrin ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí ọmọbìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù tirẹ̀ lọ wà ní kíṣíìnì títí di aago 9. Wọ́n á wá máa béèrè ìdí tí máàkì ọmọbìnrin fi ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́sìn ńkọ́? Bí lẹ́sìn bá ń fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá tirẹ̀ lórí ti iléèwé, ẹ lọ bá olùkọ́ lẹ́sìn náà. Mo bi tiwa bóyá ó lè jẹ́ kí wọ́n máa fi ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn ṣe ìṣirò tí iléèwé fún wọn, nígbà tí òun wà níbẹ̀ tí wọ́n lè bi í léèrè. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kó tó jókòó

Oúnjẹ, omi lára, ìsinmi bí ìṣẹ́jú 30. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ṣáà má fún un ní àwo ìkọ́kọrẹ́ kíkún ní aago 5 kí ẹ sì retí kó yanjú ìṣirò ní aago 6. Gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, tàbí búrẹ́dì àti ẹ̀wà díẹ̀, á gbé e dé àkókò oúnjẹ alẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ibi ìjókòó, iná, fóònù

Nídìí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ ni tiwa ń jókòó sí. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n kò sí tẹlifíṣọ̀n níwájú rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì kò dára, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń parí.

Iná wá ńkọ́? Ẹ̀gbin rèé ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí agbára rẹ̀ tó megawatt 1,320, tí wáyà rẹ̀ ń gba orí wa kọjá lọ síbòmíràn. A máa ń dúró lábẹ́ wáyà náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ká fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, ẹ ra fìtílà sóólà kékeré, ẹ gbé e sójú fèrèsé láàárọ̀ kí oòrùn lè rọ agbára sí i. Iṣẹ́ ẹni tó bá kẹ́yìn jáde nílé nìyẹn, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sára ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa gbàgbé. Àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àti kọ́tìnnì, rárá o, pàápàá nítòsí ẹni tí oorun ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe kíṣíìnì. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ó sì ti pa odidi ìdílé mọ́jú.

Fóònù ni ìjà tiwa. Mo kọ́kọ́ gbà á pátápátá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ọ̀pọ̀ tíṣà ló ń fi ìbéèrè sórí WhatsApp kíláàsì, ọmọ wá ń lọ sílé àwọn aládùúgbò lọ wò ó, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé ó ní ìṣẹ́jú 10 láti ṣí WhatsApp, kó da gbogbo ìbéèrè kọ sórí pépà. Lẹ́yìn náà fóònù á lọ sínú dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì mi. Mi ò ṣeré o. Inú dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì, ìdérí lórí. Ìró ṣíṣí rẹ̀ máa ń gbọ́ dé yàrá, torí náà kò sẹ́ni tó ń jí i yọ. Tèmi náà ń wọ ibẹ̀, òun ló bẹ̀ mí kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì rí èsì fún un.

Aago ògiri ló ń bá a ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sinmi pẹ́ díẹ̀. Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, nígbà tó wà ní yunifásítì. Aago kíṣíìnì tó dà bíi tòmátì ló fi ń kà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Pomodoro, tó jẹ́ tòmátì ní èdè wọn. Kò bá gbogbo ọmọ mu. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè fi ìṣẹ́jú 40 jókòó ti ìṣirò láì gbórí sókè, bí mo bá dá a dúró ní 25, inú á bí i. Ẹ wo ọmọ yín. Ohun tí mi ò yí padà ni pé iṣẹ́ tó le jù ló ń ṣáájú, kì í ṣe èyí tó fẹ́ràn jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí a ṣe ń ràn án lọ́wọ́ láì bá a ṣe é

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé, "Èmi ò kàwé tó o, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Ẹ gbọ́, kò dìgbà tí ẹ bá mọ Kẹ́místírì. Ẹ sọ pé, "Pa ìwé dé. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní Yorùbá." Ẹ jókòó, ẹ máa gé ilá yín lọ. Bí ó bá dé ibi tí kò yé e, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì sáré, tàbí kó ní, "ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni." Ẹ ní, "Kí ló dé tó fi máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Ọmọ mi ṣàlàyé fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan ìdí tí irin fi ń dípẹtà. Ó sọ̀rọ̀ dé àárín, ó dákẹ́, ó ní, "Dúró ná, mà," ó sì padà sídìí ìwé. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ ọ́ débi pé mo lọ gbé ìkòkò irin mi kúrò nínú omi.

Ìdí wà tó fi ń ṣiṣẹ́. Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ ìrònú ènìyàn ní Amẹ́ríkà, fi hàn ní 2006 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà, ohun tí wọ́n rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ ju ti àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Ti Yorùbá pẹ̀lú, ẹ má kà á sí ìfàsẹ́yìn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ kékeré nìyẹn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọmọ SS2 tí èdè ìyá rẹ̀ dí lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí irin fi ń dípẹtà.

Ìbéèrè yìí náà ló máa tú àṣírí ẹni tó lọ da ìdáhùn kọ lórí fóònù. Ẹ má bá a jà. Ẹ ṣáà ní kó ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé kálẹ́ńdà náà lọ bá iléèwé

Ẹ kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó lọ. Òbí tó wọlé tó ní "iṣẹ́ yín ti pọ̀ jù," wọn á ní ọ̀lẹ ló bí. Òbí tó gbé ìwé dání, wọ́n á fún un ní àga. Olùkọ́ kíláàsì ni mo lọ bá, kì í ṣe ọ̀gá pátápátá, mo sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde. Ohun tí mo sọ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Mi ò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn o, sà. Ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò." Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Ó wò ó títí. Àwọn tíṣà mẹ́rin ló ń fún wọn níṣẹ́ ní Thursday, kálukú fún Friday, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ẹnìkejì òun ń fún wọn. Monday àti Tuesday ṣófo. Ó gba ìwé náà, ó yà á ní fọ́tò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, méjì nínú wọn ti sún tiwọn sí Tuesday. Ẹnì kan ò yí padà, kò sì dà bí ẹni tó máa yí padà. Ìyẹn náà, a ti mọ ọjọ́ rẹ̀, a ń múra dè é.

Ìgbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá mọ́

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọmọ ṣì ń lo wákàtí mẹ́ta nídìí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀kan ṣe, ẹ wo ojú rẹ̀. Ọmọ tí kò rí pátákó láti àárín kíláàsì, nóòtù rẹ̀ kò ní pé láé. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ tún ní kó ka ojú ewé kan sókè fún yín, bó bá ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà, ìwé kíkà ló ní ìṣòro, kì í ṣe Báyọ́lọ́jì. Ẹ̀fọ́rí lójoojúmọ́, àìjẹun, inú rírun láàárọ̀ Monday nìkan: ẹ rọra bi í ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níléèwé gan-an, kí ẹ bi í níbi tí kò ti ní láti wo ojú yín, bíi nígbà tí ẹ jọ ń ṣa ìrẹsì.

Ti àwọn tó wà ní JSS3 àti SS3, kálẹ́ńdà wọn yàtọ̀. Ọmọ tó fẹ́ kọ WAEC ní ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, tí JAMB pẹ̀lú ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì sì ń dúró dè é, ẹ fi ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá sínú òpó kìíní bí iṣẹ́ gan-an, kí ẹ sì yọ ohun mìíràn kúrò. Bí ẹ bá kàn fi kún un, ẹ ti padà sí ìṣẹ́jú 200 nínú 75.

Thursday tó kọjá, tíṣà tí kò yí padà fún wọn ní àròkọ ojú ewé méjì. Ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 20, ọmọ mi gbé kálẹ́ńdà wá. Ó ti fagi lé mẹ́ta. Níwájú Lítíréṣọ̀, ó kọ "ojú ewé kan ààbọ̀, ó tó" síbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbé e mì. Ó lọ fọ ẹnu, ó pa iná, dúrọ́ọ̀mù ìrẹsì ò sì dún títí ilẹ̀ fi mọ́.